Ojú Òsì Bàbá Awóníyì

Ọ̀bẹ ti wà lọ́wọ́ Bùsàrí láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́, síbẹ̀ kò tíì lè fi kan ojú òkú náà. Ọ̀bẹ pẹlẹbẹ ni, tí kò lè gé iṣu, irú èyí tí ayàwòrán fi ń po ọ̀dà, tó sì fi ń họ ọ̀dà kúrò bí iṣẹ́ bá bàjẹ́. Iṣẹ́ yìí kò sì bàjẹ́. Nínú gbogbo ohun tí Bùsàrí ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe láti ìgbà tó ti dáyé, òun nìkan ṣoṣo ló lè fi búra pé kò bàjẹ́.

Òkú tí à ń wí yìí kò sí nínú pósí o. Ó ti pé ọdún kan gbáko tí wọ́n ti sin ín. Orí aṣọ ni ó wà, aṣọ líle tí wọ́n nà mọ́ igi: Bàbá Awóníyì ará Ìlódè, àgbẹ̀ oníkòkó, tó jókòó sórí àpótí, tó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, tó ń wo èèyàn bí ẹni tó ń dúró de àlàyé. Ojú ọ̀tún rẹ̀ mọ́ kedere. Ojú òsì fọ́. Ẹyinjú rẹ̀ ti funfun bí omi ògì, ìpéǹpéjú ti sọ̀ bò ó dé ìdajì, àpá kan sì gba ìdí rẹ̀ lọ sí ẹ̀bá etí. Ojú òsì yẹn ni Lọ́yà ní kí Bùsàrí tún ṣe, kó sì ti tún un ṣe tán kí àlejò tó dé ní ọ̀sán.

Lọ́yà Ọlátúnbọ̀sún ni àkọ́bí bàbá náà. Ìdájí ló ti dé, nígbà tí Bùsàrí ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán, tó ń ká ẹní. Ó wá gbé àwòrán náà ni. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni ìrántí ọdún kan bàbá rẹ̀, nínú ilé tuntun tó kọ́ sí Mayfair nínú Ifẹ̀. Àwọn adájọ́ ń bọ̀ láti Ìbàdàn, àwọn olùkọ́ yunifásítì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ ìlú ń bọ̀, wọ́n sì fẹ́ ṣí aṣọ lójú àwòrán náà níṣojú gbogbo wọn. Lọ́yà kò tíì rí i rí. Bàbá fúnra rẹ̀ ló wá jókòó fún iṣẹ́ náà nígbà tó wà láàyè, ó sì pàṣẹ pé ọmọ òun kò gbọ́dọ̀ rí i àfi lẹ́yìn tí òun bá ti lọ, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ṣe ìrántí òun. Bùsàrí ti ń retí àárọ̀ yìí fún ọ̀pọ̀ oṣù. Tìdùnnú-tìdùnnú ló fi ká aṣọ kúrò lójú àwòrán náà.

Lọ́yà wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀, bí ẹni pé awò ló jẹ̀bi.

"Ẹ̀gbọ́n Bùsàrí," ó ní, "iṣẹ́ yín dára. Àmọ́ ẹ bá mi la ojú yẹn."

Bùsàrí kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Nígbà tó rí i pé ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín, ó bi í léèrè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bóyá ó mọ bí ojú bàbá rẹ̀ ṣe fọ́.

"Mo mọ̀." Ohùn Lọ́yà kò yí padà rárá. "Torí mi ló ṣe fọ́. Láti kékeré ni gbogbo ilé ti ń sọ ọ́ sí mi létí. Ṣé kí n tún máa jẹun lábẹ́ ẹ̀ lójoojúmọ́ ni?"

Ó wá ṣàlàyé, bí ẹni tó ń rojọ́ níwájú adájọ́. Ó ní ọmọ olójú-kan ni wọ́n ń pe òun ní ilé ẹ̀kọ́, pé ìlú òyìnbó nìkan ni òun ti sinmi orúkọ náà, pé àwọn ọmọ òun ń bẹ̀rù bàbá àgbà wọn títí tó fi kú. Ó ní bí àwọn àlejò bá dé, ojú yẹn ni wọn yóò máa wò, wọn kò ní rí bàbá. Bùsàrí kò lè sọ pé irọ́ ló ń pa. Kò sì tíì rí ọmọ tó sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ tìbínú-tìbínú bẹ́ẹ̀ tí omijé tún ń kó sí i lójú.

Ìgbà tó dé ẹnu ọ̀nà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí, tàbí ó ṣe bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí, pé ìgbìmọ̀ tó ń kọ́ gbọ̀ngàn ìlú yóò wà níbẹ̀. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò ya àwọn ẹni àná ìlú tó ti kú, gbogbo wọn, tí wọn yóò gbé kọ́ yí gbọ̀ngàn náà ká. Òun ti sọ fún wọn pé òun mọ ẹnìkan. Ó ní òun á rán dírẹ́bà wá gbé àwòrán náà lọ́wọ́ ọ̀sán. Kò halẹ̀, kò sì bẹ̀bẹ̀. Lọ́yà ni, ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ta ni Bùsàrí nígbà náà? Ọmọ ará Ẹdẹ tí bàbá rẹ̀ wá tẹ̀dó sí Ilare, tó ti lé lógójì ọdún, tí ìbàdí ń dùn ún. Iṣẹ́ tí ìlú mọ̀ ọ́n mọ́ ni ọ̀rọ̀ kíkọ sára mọ́tò. Bọ́lẹ́kájà tó bá ń ná Ifẹ̀ sí Oǹdó, tí o bá rí "Ọlọ́run Kò Sùn" gàdàgbà lẹ́yìn rẹ̀, tí lẹ́tà rẹ̀ ní òjìji pupa, ọwọ́ Bùsàrí ni. Orí àkàbà ló ń gbé nínú oòrùn, tí àwọn ọmọ mọ́tò ń pariwo sí i pé kó yára, pé èrò ti kún.

Ṣùgbọ́n ojú èèyàn ni ohun tí ọkàn rẹ̀ fẹ́. Ọ̀dọ̀ bàbá arúgbó kan ní Èkó, tó ń yàwòrán fún ṣọ́ọ̀ṣì, ló ti kọ́ ọ̀dà olóròóró, ó sì wọ̀ ọ́ lára pátápátá. Ọ̀dà mọ́tò yóò gbẹ kí o tó jẹun tán. Ti olóròóró kì í kánjú. Bí o bá kùn ún lónìí, ó lè di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kó tó gba òmíràn lé orí, èyí òkè yóò sì jẹ́ kí èyí ìsàlẹ̀ hàn díẹ̀díẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń hàn lábẹ́ awọ ara. Òkùnkùn ni Bùsàrí máa ń kọ́kọ́ kùn, ìmọ́lẹ̀ ló máa ń kẹ́yìn. Kì í lo fọ́tò láéláé. Ẹni tó bá fẹ́ àwòrán yóò wá jókòó níwájú rẹ̀, ohun tí Bùsàrí bá sì rí ni yóò yà, kò ní bù kún un, kò ní yọ nínú rẹ̀.

Ohun tó ba ọjà rẹ̀ jẹ́ nìyẹn. Ìyàwó tuntun kan ní Ìlódè dá tirẹ̀ padà nítorí gẹ̀gẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lọ́rùn rẹ̀. Akọ̀wé kan ní ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ dá tirẹ̀ padà, ó ní eyín òun pọ̀ jù nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ eyín ọ̀hún pọ̀ lóòótọ́. Àwọn àwòrán náà wà ní ìdí ògiri, wọ́n kọjú sí ògiri bí ọmọ tí wọ́n fi ìyà jẹ nílé ìwé. Àwọn áàfáà ìdílé rẹ̀ kò tún jẹ́ kó gbádùn. Wọ́n ní ní ọjọ́ Àlùkìyámọ̀, Ọlọ́run yóò pàṣẹ pé kó mí ẹ̀mí sí gbogbo ohun tó yà, kò sì ní lè ṣe é. Bùsàrí kì í bá wọn jiyàn. Nínú ọkàn rẹ̀ ló ti máa ń dá wọn lóhùn pé àwọn tí òun yà, èémí díẹ̀ ló kù fún wọn.

Ẹyọ ẹnìkan péré ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá pé kí Bùsàrí ya òun bí òun ṣe rí. Bàbá Awóníyì ti rí àwòrán akọ̀wé elẹ́yín yẹn níbì kan, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un, ó sì ní ẹni tó ṣe irú èyí ni òun ń wá. Odidi ọdún kan ló fi ń ti Ìlódè wá. Yóò jókòó, yóò máa fi èdè Ifẹ̀ sọ ìtàn oko, Bùsàrí yóò sì máa kùn. Ọdún tí Bọ̀sún, tó di Lọ́yà lónìí, fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ni igi ta sí Bàbá lójú, níbi tó ti ń ṣán igbó fún kòkó tuntun. Ó fi aṣọ di ojú náà, ó ń bá iṣẹ́ lọ, torí ìkórè kòkó ti dé, ilé ẹ̀kọ́ kò sì ní dúró de ojú kó san. Nígbà tó fi máa dé ọsibítù, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

"Má fi nǹkan kan pamọ́ fún mi o," ni bàbá náà sọ lọ́jọ́ tí Bùsàrí fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ojú òsì. "Ojú yìí ni mo fi rán ọmọ lọ sí ìlú òyìnbó. Bí o bá là á, kí ló kù tí mo ṣe láyé?"

Ohun tó ń dún létí Bùsàrí nìyẹn bó ti dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ. Ó ro gbọ̀ngàn ìlú. Ó ro ògiri gbọọrọ tí ojú èèyàn yóò kún, tí gbogbo ojú náà yóò jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì ro àkàbà, oòrùn, àti ọmọ mọ́tò tó ń sọ̀rọ̀ sí i bí ẹni ń bá ajá wí. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí òun bá ti rí iṣẹ́ gbọ̀ngàn yẹn gbà tán, ta ni yóò tún sọ bí òun ṣe máa yàwòrán fún òun? Ojú kan péré. Lẹ́yìn rẹ̀, òun yóò máa ṣe bó ti wu òun.

Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Kò ní họ ojú náà, yóò kàn kùn ún bò ni. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ohun tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, pé ọjọ́ kan lè dé tí ẹnìkan yóò ṣí i. Irọ́ tó pa fún ara rẹ̀ nìyẹn, ó sì gbà á gbọ́, torí kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ tí yóò já a ní irọ́.

Ọ̀dà olóròóró kò sì lè gbẹ kó tó di ọ̀sán, àní nínú ọyẹ́. Ló bá lọ sí igun yàrá, ó ṣí agolo ọ̀dà mọ́tò, ó bu kẹrosíìnì díẹ̀ sí i, ó pò ó. Ẹ wò ó o, ọkùnrin tó ti búra pé ọ̀dà mọ́tò kò ní kan iṣẹ́ òun láéláé. Ó kun funfun ẹyinjú, ó kun dúdú rẹ̀, ó gbé ìpéǹpéjú sókè, ó fi àwọ̀ ara bo àpá náà mọ́lẹ̀ títí dé ẹ̀bá etí. Ó wá fi ọ̀dà funfun tó kéré bí orí abẹ́rẹ́ sí àárín ẹyinjú, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti máa ń tàn lójú ẹni tó ń ríran. Ojú fífọ́ yẹn ló gba gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan lọ́wọ́ rẹ̀. Títún un ṣe kò gbà ju àkókò tó fi ń kọ "Ọlọ́run Kò Sùn" sẹ́yìn bọ́lẹ́kájà. Ọwọ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ gbọ̀n. Ì bá tẹ́ ẹ lọ́rùn bó bá gbọ̀n.

Ó sún sẹ́yìn, ó wò ó. Àgbàlagbà ọkùnrin kan tó rẹwà ló jókòó síbẹ̀, tó ń fi ojú méjèèjì wo ọ̀kánkán. Bùsàrí kò mọ̀ ọ́n rí.

Ibẹ̀ ni Sàúdátù, ìyàwó rẹ̀, bá a, tó gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín wọlé. Sàúdátù kì í wo àwòrán. Yóò gbé oúnjẹ sílẹ̀, yóò kọ ẹ̀yìn sí gbogbo wọn, yóò jáde. Ọmọ áàfáà ni, láti Ìwó, ilẹ̀gbóná sì ti bá a jà nígbà èwe, ó fi àpá ṣínṣín sí gbogbo ojú rẹ̀. Ní tòótọ́, kò sí ojú tó wu Bùsàrí láti yà tó ojú yẹn láyé. Bí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ bá ti fẹ̀gbẹ́ kàn án, tó ń wọ inú àpá kan tó ń jáde nínú òmíràn, ọwọ́ rẹ̀ a máa yún un. Ó bẹ̀ ẹ́ títí lẹ́yìn ìgbéyàwó. Èsì kan náà ni Sàúdátù máa ń fún un, pé ẹ̀sìn kò gbà á, pé òun kò fẹ́ kí àwòrán òun wá dúró ti òun níwájú Ọlọ́run. Nígbà tó yá, Bùsàrí kò bẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó gbà pé ìgbàgbọ́ ìyàwó òun ga ju ti òun lọ, ó sì bọ̀wọ̀ fún un.

Lọ́jọ́ yẹn, Sàúdátù gbé oúnjẹ sílẹ̀, kò sì jáde. Ó dúró síwájú Bàbá Awóníyì. Ó sún mọ́ ọn. Ó tẹ̀ wá síwájú, ó wo ibi ojú òsì náà kínníkínní.

"Àpá yẹn ńkọ́?" ó béèrè.

"Mo kùn ún bò."

"Kò tilẹ̀ hàn mọ́ rárá," ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó tún wo àwòrán náà, ó sì jáde.

Bùsàrí rò pé ó ń fi òun ṣẹ̀sín ni, tàbí pé ó ń káàánú òun. Ó ti ẹ̀kọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lọ wọṣọ òde.

Ilé Lọ́yà ní Mayfair kún dẹ́múdẹ́mú lọ́sàn-án náà. Àlùfáà gbàdúrà, wọ́n kọrin, adájọ́ kan sọ̀rọ̀ pẹ́ títí nípa iṣẹ́ àṣekára. Bùsàrí dúró sí ìdí ògiri nínú bùbá àti ṣòkòtò tó ti lọ̀ fúnra rẹ̀, òógùn bò ó bẹ́ẹ̀ ọyẹ́ ń fẹ́. Ohun kan ló ń retí, kó má parọ́. Ó ń retí kí ẹnìkan figbe ta. Àwọn àgbẹ̀ Ìlódè ló kún iwájú yẹn, tí wọ́n ti bá bàbá náà jẹun, tí wọ́n ti bá a dẹ igbó, tí wọ́n mọ̀ pé apá ọ̀tún rẹ̀ ni èèyàn ń jókòó sí bó bá fẹ́ kó rí òun. Ó dá a lójú pé ọ̀kan nínú wọn yóò ní, ta wá ni ẹ gbé kọ́ yìí? Bí ẹyọ ẹnìkan bá sọ ọ́, ó ti pinnu pé òun yóò gbé àwòrán òun padà sí Ilare, òun yóò sì fi kẹrosíìnì nu irọ́ yẹn kúrò kó tó gan mọ́ ọn. Kí gbọ̀ngàn ìlú máa lọ.

Wọ́n ṣí aṣọ náà. Lẹ́yìn náà ni àtẹ́wọ́ bẹ̀rẹ̀, ariwo sì sọ.

"Bàbá gan-an rèé!" ni àgbẹ̀ kan ń wí, tó ń gbá itan. "Ó ku kó sọ̀rọ̀ ni!"

Bùsàrí wo ọkùnrin náà. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Òun ló mú Bàbá lọ́wọ́ lọ sí ọsibítù nígbà tí ojú náà ti bàjẹ́ tán, Bàbá ti sọ ìtàn rẹ̀ fún un. Ọkùnrin náà kò sì parọ́ o, ìyẹn ló burú níbẹ̀. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá gan-an ló rí.

Ó wá ku ẹnìkan. Màmá Àjọkẹ́, opó bàbá náà, dìde lórí àga rẹ̀, ó ti ọwọ́ ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ mú un dànù, ó ń bọ̀ wá síwájú àwòrán náà pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀. Gbogbo èèyàn yà fún un. Obìnrin yìí ló fi omi gbígbóná jó ojú yẹn ní alẹ́ ọjọ́ tó fọ́. Òun ló ń nù ún ní àràárọ̀ fún gbogbo ọdún tó kù. Bí gbogbo ayé bá gbàgbé, kò lè gbàgbé.

Màmá wo àwòrán náà. Ó na ọwọ́, ó sì fi ìka kan ojú òsì.

Ọ̀dà náà kò tíì gbẹ tán. Nígbà tó gbé ìka rẹ̀ kúrò, dúdú kékeré wà lórí rẹ̀, ibi tó sì ti fọwọ́ kàn ti fà díẹ̀, ìlà funfun kan, funfun ojú fífọ́ ìsàlẹ̀, ti yọjú níbẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tó lè rí i. Màmá wo ìka rẹ̀. Ó yíjú, ó wá Bùsàrí kàn níbi tó wà, ó sì fi ọwọ́ pè é. Bùsàrí lọ, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ó ti pẹ́ tí ojú yìí ti wò mí kẹ́yìn," ni Màmá sọ, jẹ́jẹ́, fún un nìkan. "O ṣeun, ọmọ mi. Wá bá mi dí ibi tí mo bà jẹ́ yìí kí wọ́n tó rí i."

Ó fi etí aṣọ funfun rẹ̀ bo ìka náà, ó padà lọ jókòó. Bùsàrí fi àtàǹpàkò fa ọ̀dà náà padà sí àyè rẹ̀. Ìlà funfun náà lọ. Báyìí ló ṣe fi ọwọ́ ara rẹ̀ bo ojú bàbá yẹn lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ló sì dùn ún jù, torí ẹni tó bẹ̀ ẹ́ kò fẹ́ fi nǹkan kan yangàn fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn fẹ́ kí ọkọ rẹ̀ wo òun ni.

Kí wọ́n tó gbé ìjókòó kúrò, ìgbìmọ̀ gbọ̀ngàn ìlú ti pè é sí kọ̀rọ̀. Alága wọn, Olóyè Adéagbo, bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní iṣẹ́ ti di tirẹ̀. "Bí ẹ ṣe ṣe ti Bàbá yìí, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe gbogbo wọn," ó ní, Bùsàrí sì gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń wí pé kò sí wàhálà. Àlàájà Mùnírátù tó ń ta aṣọ dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ìyá òun kò léyín mọ́ nígbà tó kú, ṣé yóò bá òun fi eyín sí i. Bùsàrí ní yóò fi sí i. Ẹnìkan ní ẹsẹ̀ bàbá òun wú. Bùsàrí ní ẹsẹ̀ kò ṣòro. Ẹlòmíràn yọ fọ́tò kan tó ti pọ́n jáde láti inú àpò, ó ní ẹni tó wà níbẹ̀ ti kú tipẹ́, kò lè wá jókòó, Bùsàrí sì gba fọ́tò náà. Ó yà á lẹ́nu bí ó ṣe ń yá a lára. Ó tiẹ̀ ń ṣàlàyé fún wọn, ó ń na ọwọ́ sí atẹ́gùn, ó ń fi hàn wọ́n bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó jìn ṣe lè kún. Inú rẹ̀ ń dùn, inú rẹ̀ sì ń bàjẹ́ pé inú òun ń dùn.

Ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó sọ Bùsàrí di Bùsàrí nìyẹn. Bó o bá wọ àwọn pálọ̀ àtijọ́ kan ní Ìlódè tàbí Ilare, o ṣì lè rí ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀: àwọn bàbá tí kò rẹ̀ wọ́n rí, àwọn ìyá tí ara wọn ń dán, tí eyín wọn pé, tí gbogbo ojú wọn là. Wọ́n ní kò sí ẹni tó mọ èèyàn yà tó o. Àwọn tó kọjú sí ògiri nílé rẹ̀ ńkọ́? Ikán jẹ wọ́n.

Oòrùn kò tíì wọ̀ tán nígbà tó dé ilé. Ó ti ń ro bí yóò ṣe sọ ọ́ fún Sàúdátù, bóyá kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbọ̀ngàn ìlú, bóyá kó jẹ́wọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín òun àti Màmá Àjọkẹ́ fún un. Kò bá a nílé ìdáná. Yàrá iṣẹ́ rẹ̀ ló bá a, níbi tí kì í dúró sí. Ó ti wẹ̀, ó lé tìróò, ó wọ aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ àkọ́bí wọn. Ó ti jókòó sórí àpótí, ó kọjú sí fèrèsé.

Ó kí i kú oríire. Ó ní ìròyìn gbọ̀ngàn ti ṣíwájú rẹ̀ dé Ilare. Lẹ́yìn náà ló ń ṣẹ́ etí ìró rẹ̀ po.

"Bàbá Ràbíátù," ó ní, "ẹ wá ya èmi náà."

Bùsàrí dúró gbagidi. "Ẹ̀sìn ńkọ́? Ohun tí o ti ń sọ láti ọjọ́ yìí ńkọ́?"

"Ọlọ́run á forí jì mí." Sàúdátù fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, kò sì wo ojú rẹ̀. "Ẹ ṣáà bá mi ṣe é bí ẹ ṣe ṣe ti Bàbá."

Láti ọdún tí Bùsàrí ti gbé e wọlé ló ti mọ àpá kọ̀ọ̀kan lójú yẹn. Ó ti po àwọ̀ wọn lọ́kàn rẹ̀ láìmọye ìgbà, èyí tó pọ́n díẹ̀ lẹ́bàá imú, èyí tó dúdú ju ara lọ níwájú orí, ó sì rò pé ìfẹ́ nìyẹn. Kò sí ọjọ́ kan tó bi í léèrè bóyá ó fẹ́ kí òun máa rí wọn.

Ó mú búrọ́ọ̀ṣì. Ó ní kó gbójú sókè díẹ̀ síbi ìmọ́lẹ̀. Sàúdátù gbé e sókè, ó sì jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, kò fa gèlè bo ẹ̀rẹ̀kẹ́, kò yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nínú gbogbo ọdún tí wọ́n ti jọ ń gbélé, Bùsàrí kò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Ó wá yé e pé kì í ṣe àwòrán ni obìnrin náà ti ń sá fún. Ojú òun Bùsàrí ni.